Ayaba tí Ó Ń Sùn Nínú Àpótí: Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Lórí Àwòrán Eléré Obìnrin

Ìtàn kan wà tí ìyá mi máa ń sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré ní Odigbo. Wọ́n ní ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí àwọn tìkára wọn kò tí ì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ẹgbẹ́ eléré kan ti òkèèrè wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ore. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà ni ó ṣe ayaba. Ọba kú, ààfin dàrú, àwọn ìjòyè tú ká, ayaba náà sì jókòó ti ìtẹ́ tí ó ṣófo, ó káwọ́ lérí, kò sọ ohunkóhun. Ìyá mi ní gbogbo gbọ̀ngàn náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ìró àtùpà oníkẹrosíìnì tí ó ń jó lókè ìtàgé, títí tí ìyá arúgbó kan fi bú sẹ́kún láàárín èrò.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a rán ìyá mi lọ ra búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ Ore, ní oríta tí ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin àti ọ̀nà Oǹdó ti pàdé. Ta ni wọ́n rí lórí bẹ́ǹṣì alákàrà, tí ó ń fi ẹ̀kọ gbígbóná panu bí gbogbo èrò ọkọ̀? Ayaba àná ni! Kí ìyá mi tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ti kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, wọ́n sì ń kí olorì. Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó fà wọ́n dìde, ó ní: "Dìde, ọmọ mi. Ayaba ṣì ń sùn nínú àpótí aṣọ."

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí ju ìgbà ogún lọ. Kò yé mi dáradára títí di ọjọ́ tí mo dúró níwájú àwòrán kan ní Dulwich, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn níbẹ̀: bí ayàwòrán kan bá wà ní ibùdókọ̀ Ore ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí ó sì fẹ́ kun àwòrán obìnrin yẹn, ta ni ì bá kùn? Ṣé obìnrin tí ó ń jẹ àkàrà ni, tàbí ayaba tí ó ń sùn nínú àpótí? Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà, kí n sì fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni, ṣùgbọ́n ó kan àwa tí ń kọ́ni ní eré-oníṣe Yorùbá gidigidi.

Eléré náà

Orúkọ obìnrin tí a kùn sínú àwòrán tí mo wí yìí ni Sarah Siddons. A bí i ní ọdún 1755 ní ìlú Brecon ní ilẹ̀ Wales, ní ilé ọtí tí àwọn òbí rẹ̀ wọ̀ sí lójú ọ̀nà. Roger Kemble ni bàbá rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ eléré tí ó ń ti ìlú dé ìlú ni; àwa yóò sì pè é ní aláàrìnjó láìsí àríyànjiyàn. Ọmọ tí a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í lọ kọ́ eré níbòmíràn, ńṣe ni ó ń bá a nílé bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń bá ewìrì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rọrùn fún un. Ní ìparí ọdún 1775, wọ́n mú un wá sí Drury Lane, gbajúgbajà ilé-ìṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ohùn rẹ̀ kò jáde tó, àwọn òǹwòran kò náání rẹ̀, a sì dá a padà. Ó gba ìdójútì náà mọ́ra, ó padà sí àwọn ìlú kéékèèké, ó ṣiṣẹ́ ní Bath àti Bristol fún ọdún púpọ̀, títí a fi tún ránṣẹ́ pè é. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 1782 ni ó tún gun ìtàgé Drury Lane. Láti ọjọ́ náà lọ ni ó ti di ọba lórí eré ìbànújẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; àwọn ènìyàn a máa sunkún, àwọn mìíràn a máa dákú nínú ìjókòó wọn.

Nínú gbogbo ipò tí ó kó, aya Macbeth nínú eré Shakespeare ni ó lókìkí jù. Ọdún 1785 ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá ti ka eré náà yóò rántí pé obìnrin yìí ti bá ọkọ rẹ̀ pa ọba, ó sì ń rìn lójú oorun, ó ń gbìyànjú láti fọ ẹ̀jẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn eléré obìnrin tí ó ti ṣe é ṣáájú a máa mú fìtílà lọ́wọ́ títí ìran náà yóò fi parí. Siddons ní kò lè rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ fọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó mú kalẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìṣeré bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe ba àṣà jẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀, ó gbé fìtílà kalẹ̀, ó sì ń fọ ọwọ́ òfìfo. Ìgbésẹ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran kò gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1812 tí ó ń dágbére fún ìtàgé, eré yìí kan náà ni ó yàn. Nígbà tí ìran ìrìn ojú oorun náà parí, àwọn èrò kò jẹ́ kí eré náà tẹ̀ síwájú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọmọ méje ni Siddons bí, márùn-ún nínú wọn ni ó sì kú ṣáájú rẹ̀ kí òun náà tó kú ní ọdún 1831. Obìnrin tí ó ń pa àwọn ẹlòmíràn lẹ́kún lórí ìtàgé ní ẹkún tirẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ẹkún ilé kọ́ ni ó wà nínú àwòrán tí a fẹ́ wò yìí.

Àwòrán náà

Joshua Reynolds ni ó kùn ún, ní ọdún 1783 sí 1784. Reynolds ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí a dá sílẹ̀ ní 1768 lábẹ́ àṣẹ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà tí Siddons wá jókòó fún un. Èyí àkọ́kọ́ wà ní Huntington ní ìlú San Marino, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí olówó kan tí ń jẹ́ Henry Huntington ti rà á ní 1921. Èyí tí mo rí ní Dulwich ni ìkejì rẹ̀, tí ó ti inú ilé-iṣẹ́ Reynolds kan náà jáde ní 1789. Èyí àkọ́kọ́ ga ju ènìyàn lọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gíga, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó márùn-ún ní ìbú.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Obìnrin kan jókòó sórí ìtẹ́ ńlá. Ìtẹ́ náà kò sí lórí ilẹ̀, inú àwọsánmọ̀ dúdú ni ó wà. Ó wọ ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun olówó iyebíye sì rọ̀ sí àyà rẹ̀. Ó gbé apá kan lé ìtẹ́, ó gbé ọwọ́ kejì sókè díẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ó sì dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Kò wo àwa tí a ń wò ó. Ojú rẹ̀ wà lókè, ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí ó ń gbọ́ ohun tí etí tiwa kò lè gbọ́. Lẹ́yìn ìtẹ́ náà, nínú òkùnkùn, ènìyàn méjì dúró. Ọ̀kan mú ọ̀bẹ olójú méjì lọ́wọ́, ìkejì mú ife, èyí tí májèlé lè wà nínú rẹ̀.

Àwọn wo ni àwọn méjì wọ̀nyí? Láti ìgbà Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ni pé ohun méjì ni eré ìbànújẹ́ ń jí dìde nínú ọkàn òǹwòran: àánú fún ẹni tí ìyà ń jẹ, àti ẹ̀rù nítorí pé ohun tí ó bá a lè bá àwa náà. Àánú àti Ẹ̀rù náà ni Reynolds fi ṣe ẹ̀mẹwà lẹ́yìn ìtẹ́. Obìnrin tí ó wà lórí ìtẹ́ kì í sì í ṣe Siddons lásán. Àwọn Gíríìkì gbà pé òrìṣà mẹ́sàn-án ni ó ń ṣọ́ àwọn iṣẹ́ ọgbọ́n, Melpomene sì ni èyí tí ó ni eré ìbànújẹ́. Ipò òrìṣà yìí ni Reynolds fi Siddons sí, orúkọ òrìṣà náà ni ó sì fi sọ àwòrán rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó gbà jókòó pàápàá ní ìtàn. Ní òkè àjà ilé ìjọsìn Sistine ní Róòmù, Michelangelo kun àwọn wòlíì Bíbélì lórí ìtẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá ti rí wọn yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ibi tí Reynolds ti mú ìjókòó yìí wá. Nítorí náà, ojú tí a fi ń wo wòlíì ni ó fẹ́ kí á fi wo eléré. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ka eléré obìnrin sí ẹni tí kò níláárí, bí àwọn kan nínú àwọn bàbá wa náà ti ń pe eléré ní alágbe.

Siddons fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn tí ó gbẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Ó ní nígbà tí òun wo àwòrán náà fínnífínní, òun rí ohun kan ní etí ìṣẹ́tí aṣọ òun tí ó dà bí ọnà tí a kó sára aṣọ. Nígbà tí ó súnmọ́ ọn, orúkọ Reynolds ni ó bá níbẹ̀. Ayàwòrán náà sì sọ fún un pé òun ti pinnu láti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn-ọ̀la nípa dídi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mú. Ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ gbogbo ayàwòrán ní ilẹ̀ náà ni ó wí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ aláàrìnjó.

Ojú àti ipò

Ní 1785, ọdún kan péré lẹ́yìn tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù rí iṣẹ́ Reynolds, ayàwòrán mìíràn, Thomas Gainsborough, kun Siddons kan náà. Àwòrán tirẹ̀ wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ìtẹ́ níbẹ̀, kò sí àwọsánmọ̀, kò sí ọ̀bẹ. Obìnrin kan jókòó sórí àga, ó dé fìlà dúdú ńlá tí ìyẹ́ wà lára rẹ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ aró onílà bí ti àwọn obìnrin ọlọ́lá ìgbà náà, ó sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́jẹ́. Bí a kò bá kọ orúkọ sí i, a kò ní í mọ̀ pé eléré ni. Ó dára púpọ̀. Ẹni tí ó ń jẹ àkàrà ní ibùdókọ̀ nìyẹn. Èyí tí Reynolds kùn ni ayaba inú àpótí.

Èwo nínú méjèèjì ni ó jọ Siddons jù? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa yára dáhùn pé ti Gainsborough ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọmọ Yorùbá kò yẹ kí ó yára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà méjèèjì wà nílé wa láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa níhìn-ín, bí ẹni ńlá kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣe àkó fún un. A ó gbẹ́ ère tí ó jọ òkú náà ní ojú, ní imú, ní ètè, a ó sì wọ aṣọ olówó ńlá fún un. A ó gbé e káàkiri ìlú kí àwọn ènìyàn lè rí i kí a tó sin ín. Bí ère náà kò bá jọ òkú, iṣẹ́ agbẹ́gilére náà kò yọrí, nítorí pé ìjọra ni gbogbo ìdí àkó.

Ṣùgbọ́n wo egúngún. Egúngún náà ń mú ẹni tí ó ti lọ padà wá, síbẹ̀ kò sí imú, kò sí ètè. Aṣọ ni, ohùn ni, ìrìn ni, iyì ni. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé egúngún bàbá òun kò jọ bàbá òun. Bákan náà ni oríkì rí. Akéwì tí ó ń ki ènìyàn kì í sọ bí ojú rẹ̀ ti rí. Ó ń pe àwọn baba ńlá rẹ̀, ó ń pe òrìṣà ìdílé rẹ̀, ó ń fi erin àti ẹkùn wé ọkùnrin tí kò ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí a ń kì kò sì ní í sọ pé irọ́ ni. Orí rẹ̀ á wú, yóò nà gbọnrangandan, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bí oríkì náà ti wí.

Nítorí náà, ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé oríkì ni Reynolds fi ọ̀dà kì fún Siddons. Ó gbé e lé ìtẹ́, ó fún un ní ẹ̀mẹwà, ó pè é ní orúkọ òrìṣà tí ó ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí Gainsborough bá ṣe àkó fún obìnrin náà, Reynolds gbé egúngún rẹ̀ jáde. Àwọn méjèèjì ni ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìkejì ni ó fi eléré hàn gẹ́gẹ́ bí eléré.

Ẹnìkan lè sọ pé Siddons nínú àwòrán yìí dà bí ẹlẹ́gùn, ẹni tí òrìṣà gùn. Ó dà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ojú rẹ̀ tí kò wo ẹnikẹ́ni sì ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ra níhìn-ín. Ẹlẹ́gùn kì í yan ìgbà tí òrìṣà yóò gùn ún. Eléré ni ó ń jí ayaba rẹ̀ lálẹ́, òun náà ni ó sì ń tẹ́ ẹ sùn nígbà tí eré bá parí. Fìtílà tí Siddons gbé kalẹ̀ lójú oorun kì í ṣe iṣẹ́ òrìṣà; iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó tí ó ronú ni.

Ohun tí ayàwòrán ń fi kún un

Àwòrán mìíràn tún wà tí ó lè ràn wá lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 1888, Ellen Terry ṣe aya Macbeth ní ilé-ìṣeré Lyceum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí a rán ìyẹ́ kòkòrò mọ́ lára kí ó lè máa dán bí ara ejò. John Singer Sargent, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, kùn ún nínú aṣọ náà ní 1889. Àwòrán ọ̀hún wà ní Tate ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú rẹ̀, obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé adé ọba sókè, ó fẹ́ gbé e lé ara rẹ̀ lórí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú eré náà! Terry kò gbé adé lé ara rẹ̀ lórí ní Lyceum, Shakespeare kò sì kọ ọ́ báyìí. Sargent ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ eré náà yóò gbà pé òótọ́ ni. Ohun tí ó wà nínú ọkàn obìnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ayàwòrán fà jáde, tí ó sì fi sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Eré gba wákàtí mẹ́ta. Àwòrán kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tí a fún ní ìṣẹ́jú kan péré láti sọ ìtàn wákàtí mẹ́ta gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà.

Ní ilé tiwa

Àwọn onímọ̀ kan nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" kò jìnnà sí "à-wò-rántí", ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Àwọn mìíràn lè jiyàn lórí ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé "òǹwòran" ni a ń pe ẹni tí ó wá wo eré. Nínú èdè wa, ẹni tí ó ń wo eré àti ohun tí a ń kùn sórí aṣọ tí a nà mọ́ igi kò jìnnà síra wọn.

Ní Ọ̀ṣogbo, ilé kan náà ni eré àti àwòrán tilẹ̀ jọ gbé. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ nínú agbo ilé Ládiípọ̀. Níbẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963, eré ìbànújẹ́ tí ó dé Berlin ní 1964 àti Lọ́ńdọ̀nù ní 1965. Ládiípọ̀ fúnra wọn ni wọ́n ṣe Ṣàngó títí wọ́n fi kú ní 1978; ìyàwó wọn, Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀, ni wọ́n ṣe Ọya. Ní ibẹ̀ kan náà ni Georgina Beier ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní 1964 láti kọ́ wọn ní ọ̀dà kíkùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, bíi Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó jó lálẹ́ àná ni ó dúró ti ọ̀dà ní òwúrọ̀.

Nítorí náà, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti mọ irú àwòrán tí ó yẹ Ọya. Ẹ ro ìgbà tí Ṣàngó ti pa àwọn ènìyàn tirẹ̀ nínú ìbínú, tí ìlú ti kọ̀yìn sí i, tí ó ku Ọya nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òun náà yóò sì lọ. Obìnrin tí ó nífẹ̀ẹ́ ọba, tí ó sì mọ̀ pé ọba náà ti ṣubú! Àánú àti Ẹ̀rù wà lẹ́yìn òun náà, ìjì sì wà níwájú rẹ̀. Ayàwòrán tí ó bá fẹ́ kun eléré tí ó kó ipò yìí kò ní í lọ wá ìtẹ́ àwọsánmọ̀ ní Róòmù. Ìwo ẹfọ̀n Ọya wà nílẹ̀, odò rẹ̀ wà nílẹ̀, oríkì rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn ìyá wa.

Mo fẹ́ mú àpẹẹrẹ kan sí i wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe eléré ni obìnrin tí ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin kọjá, wọ́n sì dé Ore, kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ó le kú, ìjà Ore. Ogun náà parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ní 1973, Ben Enwonwu, ọmọ Igbo láti Onitsha tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, kun àwòrán ọmọbìnrin ìdílé ọba Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì. "Tutu" ni ó pè é, ó sì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí a tẹ̀ sórí ìwé kọ́ sára ògiri ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú àwọn ojúlówó, ti 1974, ni a rí nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017; a sì tà á ní gbàǹjo ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ní £1,205,000.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹwà ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó lẹ́wà. Ohun tí àwọn ènìyàn rí ni pé Igbo kan jókòó, ó wo ojú ọmọ Yorùbá kan dáradára, ó sì fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ kùn ún, nígbà tí ojú ogun kò tí ì jinná tán. Adétutù kò kó ipò kankan lórí ìtàgé, síbẹ̀ àwòrán náà fún un ní ipò kan tí ó ju ti ara rẹ̀ lọ. Ohun kan náà ni Reynolds ṣe fún Siddons.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìgbà ti yí padà, pé ẹ̀rọ tí ń ká fíìmù wà báyìí, kí ni a ń fi ọ̀dà ṣe? Fíìmù dára, ó ń tọ́jú ohùn, ó ń tọ́jú ìrìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níwájú ẹ̀rọ nìkan ni ẹ̀rọ ń rí. Kò lè sọ fún wa ohun tí òǹwòran rí nínú ọkàn tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kò sì lè gbé adé tí kò sí níbẹ̀ lé Ellen Terry lọ́wọ́.

Àwa tí ń kọ́ni ní eré-oníṣe Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. A ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé eré, a ń bi wọ́n nípa ìlò èdè àti àhunpọ̀ ìtàn, a ń mú wọn há orúkọ òǹkọ̀wé sórí. Ó ṣọ̀wọ́n kí á béèrè ẹni tí ó ṣe ayaba, bí ó ti jókòó, ibi tí ó gbé ọwọ́ sí, ohun tí ó gbé kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo eléré tí ó mú àwọn bàbá àti ìyá wa sunkún kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ ju ìrántí tí ó wà ní orí àwọn arúgbó. Kò sì sí ìwé tí a lè wá wọn sí nígbà tí àwọn arúgbó náà bá lọ.

Mo dá a lábàá pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń ka eré ìbànújẹ́ pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé. Kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè eré tí wọ́n rí àti eléré tí wọn kò gbàgbé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àwọn tí ó mọ àwòrán yà nínú wọn sì yà á, kì í ṣe bí ojú eléré náà ti rí, nítorí wọn kò rí i rí, ṣùgbọ́n bí ipò rẹ̀ ti wọ ọkàn ẹni tí ó rí i. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ nìkan ni a rí dì mú, kí á dì í mú.

Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Nígbà tí mo padà láti òkèèrè, mo jókòó ti ìyá mi ní Odigbo, mo sì ní kí wọ́n tún ìtàn ayaba Ore sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rántí àwọ̀ gèlè rẹ̀. Wọ́n rántí pé ọwọ́ òsì ni ó kọ́kọ́ gbé lérí, kí ọwọ́ ọ̀tún tó tẹ̀lé e, bí ẹni pé ìbànújẹ́ náà kò tètè dé ìhà kejì ara rẹ̀. Wọ́n rántí àkàrà mẹ́ta àti ẹ̀kọ kan. Mo wá béèrè orúkọ obìnrin náà.

Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, pé kò sí ẹni tí ó béèrè ní ọjọ́ náà, nítorí pé gbogbo wọn gbà pé ayaba ni.